Àṣà Orílẹ̀-Èdè, Fífa Àṣẹ Léni Lọ́wọ́ àti Ìṣàkóso Ilé-Iṣẹ́: Àpẹẹrẹ Kado ní Àbújá

Fífa àṣẹ léni lọ́wọ́ nínú ilé-iṣẹ́ ni kí ọ̀gá gbé apá kan lára agbára ìpinnu rẹ̀ fún ọmọ abẹ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún lè máa náwó, kí ó máa gba ènìyàn síṣẹ́, tàbí kí ó máa bá oníbàárà ṣe àdéhùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ padà wá tọrọ àyè. Ìṣàkóso, ní ìtumọ̀ tí a lò ó sí níhìn-ín, ni gbogbo ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà mọ̀ bóyá wọ́n ń lo agbára náà bó ti yẹ: ìwé ìṣirò owó, ìbẹ̀wò òjijì, ìjábọ̀ oṣooṣù, tàbí ẹni tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọ. Méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ọ̀gá tí kò ní ọ̀nà ìṣàkóso tí ó dá a lójú kì í fẹ́ gbé àṣẹ sílẹ̀. Ọ̀gá tí kò sì gbé àṣẹ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó epo jẹnẹrétọ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ̀ wò láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni pé báwo ni àṣà orílẹ̀-èdè ṣe ń pinnu ibi tí ààlà àwọn méjèèjì máa ń wà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Geert Hofstede, ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Láàárín ọdún 1967 sí 1973, ilé-iṣẹ́ IBM fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé; ìdáhùn tí ó wọlé lé ní 116,000. Láti ara rẹ̀ ni Hofstede ti yọ ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1980. Òṣùwọ̀n rẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni èyí tí a lè pè ní àlàfo agbára, ìyẹn bí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ṣe gbà tó pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí agbára máa pọ̀ sí ọwọ́ ẹni kan. Nígbà tí ó fẹ iṣẹ́ náà lójú, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba 77, nígbà tí Jámánì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba 35 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú òṣùwọ̀n mìíràn, èyí tí ó ń wo bí ènìyàn ṣe ń dá dúró sí láàárín ẹbí àti ẹgbẹ́, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba 20, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba 89. Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣàkóso fún un ni pé níbi tí àlàfo agbára bá ti gbòòrò, ìpinnu yóò máa ga sókè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá pátápátá, ọmọ abẹ́ yóò máa retí kí wọ́n sọ ohun tí òun yóò ṣe, ìṣàkóso yóò sì dá lórí ènìyàn ju orí ìwé òfin lọ.

Kò yẹ kí á gbé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí mì bí oògùn. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà inú ìwé Hofstede kì í ṣe Nàìjíríà nìkan; Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone ni ó pò pọ̀ bí orílẹ̀-èdè kan, àwọn tí ó sì dáhùn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Brendan McSweeney ti tú àbùkù ọ̀nà ìwádìí náà síta ní 2002. Síbẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí GLOBE tí Robert House àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2004, tí ó kárí àwùjọ 62, tún bá Nàìjíríà láàárín àwọn tí àlàfo agbára wọn ga jù. Ohun tí GLOBE fi kún un ṣe pàtàkì: wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè bí nǹkan ṣe rí, wọ́n sì tún bi wọ́n léèrè bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Lórí ìbéèrè kejì, ìdáhùn àwọn ará Nàìjíríà wálẹ̀ gan-an. Ohun tí ènìyàn ń fara mọ́ àti ohun tí ó fẹ́ kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tí ó bá sì ń pe ìfaradà ní àṣà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Kado jẹ́ àdúgbò ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìlú Àbújá. Jabi àti Gwarinpa kò jìnnà sí i, ọjà ẹja rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú fi mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Gbàgyí ni ó ń gbé agbègbè náà kí ìjọba ológun tó fi òfin dá Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ ní February 1976. Ní December 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Láti ìgbà náà ni Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Tiv, Ìgalà àti Nupe ti ń jókòó pọ̀ sí ọ́fíìsì kan náà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Life Camp ni aládùúgbò Kado. Ibùgbé tí ilé-iṣẹ́ Julius Berger, tí gbòǹgbò rẹ̀ wá láti Jámánì, kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ olú-ìlú ni orúkọ náà ti wá. Nítorí náà, bí a bá gbà pẹ̀lú Hofstede, 77 àti 35 ti ń kí ara wọn ní ojú pópó kan náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ilé-iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ní irú àdúgbò yìí ni èyí tí olówó rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀: ilé-oògùn, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, òtẹ́ẹ̀lì kékeré, ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé. A lè fi òtẹ́ẹ̀lì ṣe àpèjúwe. Olówó gba máníjà kan tí ó kàwé, ó fún un ní káàdì tí orúkọ oyè wà lára rẹ̀, ó sì sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ìwọ ni mo fi gbogbo ibí lé lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ, epo dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀. Àlejò wà nínú yàrá, ẹja wà nínú fírísà. Máníjà mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n orí fóònù olówó ni owó wà, olówó sì wà nínú ọkọ̀ òfurufú láàárín Èkó àti Àbújá. Wọ́n á dúró. Àlejò mẹ́ta á gba owó wọn padà. Bí olówó bá sọ̀kalẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni ìdí tí máníjà kò fi lo ọpọlọ rẹ̀. Bí máníjà bá sì ti lo ọpọlọ, tí ó ti inú owó tí àlejò san ra epo, ìbéèrè yóò yí padà: ta ni ó fún un láṣẹ? Iṣẹ́ ni olówó yìí gbé sílẹ̀, kò gbé àṣẹ sílẹ̀. Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú ìṣòro tí a ń sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹ̀yà tí ó wà ní Kado ń lò fún olówó náà jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọ̀gá ti kúrò nínú èdè wa, ó ti wọ inú èdè pígínì, ó sì ti di ti gbogbo Nàìjíríà. Nínú Yorùbá, ọ̀gá ní ìtumọ̀ méjì tí ó so mọ́ra: ẹni tí ó ń pàṣẹ, àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù, tí a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rìn ìrìn-àjò, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni ó bá a lọ jù. Ní 2013, òṣìṣẹ́ àgbà àjọ ìjọba kan di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé, nígbà tí wọ́n bi í lórí tẹlifísọ̀n nípa àdírẹ́sì àjọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun kò lè sọ ọ̀kan kí ọ̀gá òun lókè pátápátá má baà sọ òmíràn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín àìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fún wọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ènìyàn ní Àbújá: àṣìṣe tí ọ̀gá bá ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ọmọ abẹ́ bá sọ ṣáájú ọ̀gá lè di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan máa ń kádìí ọ̀rọ̀ síbí pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà Yorùbá, tàbí àṣà Áfíríkà, ṣe rí. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán ni Yorùbá mọ̀ láti fi ẹlòmíràn ṣe ojú fún ara ẹni. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti ìlàrí. Ìlàrí jẹ́ ìránṣẹ́ Aláàfin tí wọ́n ń fá apá kan orí rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ṣàlàyé pé orúkọ tí wọ́n fi ń jẹ oyè ìlàrí jẹ́ iṣẹ́ tí ọba ń rán fúnra rẹ̀: bí ọba bá rán Ọbakòṣetán sí ìlú kan, ìlú náà ti mọ̀ kí ó tó la ẹnu pé ọba kò tíì ṣe tán, bí ó bá jẹ́ Mádaríkàn ni ó dé, wọ́n ti mọ̀ pé kí wọ́n má ta ko ọba. Ìránṣẹ́ àti iṣẹ́ di ọ̀kan náà. Kò sí àyè ìpinnu kankan fún un, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ajẹ́lẹ̀. Òun ni aṣojú tí Ọ̀yọ́, àti Ìbàdàn lẹ́yìn náà, fi sí ìlú tí ó wà lábẹ́ wọn, kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó máa wo ohun tí ó ń lọ. Ó jìnnà sílé. Ó gbọ́dọ̀ dá pinnu. Ọ̀yọ́ mọ ewu tí ó wà níbẹ̀, ó sì ń rán ìlàrí lọ bẹ ajẹ́lẹ̀ wò. Ti Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ọmọ ẹ̀yìn wọn, ń gba ohun tí ó wù wọ́n lọ́wọ́ ará ìlú, ìṣàkóso tí ó sì yẹ kí ó ti ilé wá kò tó nǹkan. Ìgbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, Fábùnmi ní Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú wọn, ogun Èkìtìparapọ̀ tí a mọ̀ sí Kírìjì sì gbiná, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Díẹ̀ ni àpẹẹrẹ inú ìwé ìṣàkóso òde òní tí ó fi ohun tí àṣẹ láìsí àmójútó ń fà hàn kedere tó èyí.

Ọ̀nà kẹta wà nínú òwe: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú ń jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́; ọmọ ń wo ohun tí ẹni tí ó rán an ń fẹ́, ó sì ń tún iṣẹ́ náà ṣe lójú ọ̀nà kí ilé má baà bàjẹ́. Òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí a rán máa ṣe ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ìdájọ́ ẹni tí a rán wà lára iṣẹ́ tí a rán an. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ó gbà láì sọ ọ́: ọmọ ní ìpín nínú ilé. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì Kado kò ní ìpín kankan níbẹ̀.

A lè wá rí ohun tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Wọ́n fi oyè ajẹ́lẹ̀ fún ènìyàn, wọ́n retí ìdájọ́ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó bí ìlàrí. Kò sí àṣà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó pa á láṣẹ kí á ṣe é bẹ́ẹ̀.

William Ouchi, nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1979, pín ìṣàkóso sí oríṣi mẹ́ta: èyí tí ọjà àti iye owó ń ṣe, èyí tí òfin àti ìwé ń ṣe, àti èyí tí ó dà bí ti agbo ilé, níbi tí ìgbàgbọ́ àti ìwà tí a jọ ní ti ń dí àyè ìṣọ́. Ní Kado, agbo ilé gidi ni wọ́n sábà máa ń lò. Àbúrò olówó, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, ni ó máa ń wà nídìí owó. Lórí ìwé, ó wà lábẹ́ máníjà. Ní alẹ́, ó ń pe olówó lórí fóònù. Ìlàrí tí ó ń ṣọ́ ajẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ètò náà kò ṣàìní ọgbọ́n, pàápàá níbi tí ẹjọ́ owó tí wọ́n jí lè gba ọ̀pọ̀ ọdún nílé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní owó tí ó ń jẹ: máníjà tí ó mọ̀ pé ìpinnu òun yóò dé etí olówó láti ẹnu ọmọ ogún ọdún yóò dẹ́kun àtimáa pinnu. Tí ọmọ ilé náà bá sì wá di ẹni tí ń jí owó, ta ni yóò sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Bascom ti kọ ọ́ ní 1942 pé ipò àgbà ni òpó tí ìtò àwùjọ Yorùbá dúró lé. Èdè wa kò jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀: ẹni tí yóò pàṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan *o* tàbí *ẹ*. Máníjà ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó fẹ́ bá awakọ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún wí ní Yorùbá yóò ní láti sọ pé *ẹ kò ṣe é dáadáa*, ìbáwí náà á sì ti di ẹ̀bẹ̀ kí ó tó jáde lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sá sínú Gẹ̀ẹ́sì nítorí èyí, torí pé arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà, ṣùgbọ́n *sà* àti *mà* tètè máa ń bá wọn wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn báńkì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990 mọ̀ọ́mọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ máa pe ara wọn ní orúkọ ìsọmọlórúkọ láì wo ipò. Ìyẹn jẹ́ ìgbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu dín àlàfo kù. Ibi tí ó bá iṣẹ́ dé, ipò àṣẹ owó ni ó ń pinnu rẹ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè ná orílẹ̀-èdè hàn ní ọjọ́ 14 oṣù August, 2009. Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Báńkì Àpapọ̀ da 420 bílíọ̀nù náírà sínú wọn kí wọ́n má baà wó lé àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ lórí. Nígbà tí báńkì mẹ́ta mìíràn kún wọn ní October, owó náà di 620 bílíọ̀nù. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Sanusi ṣe ní Yunifásítì Bayero ní Kánò ní February 2010, ó ka ohun mẹ́jọ tí ó fa ìṣubú náà. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ti bàjẹ́, tí ọ̀gá àgbà ti borí ìgbìmọ̀ olùdarí tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ. Ó yẹ kí á fiyè sí i pé òfin wà. Láti 2006 ni ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí alága àti ọ̀gá àgbà jẹ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ìṣàkóso pé pérépéré. Ẹni tí yóò wo ojú ọ̀gá kí ó sọ pé owó yìí kò ṣe é yá ni kò sí. Láti January 2010, Báńkì Àpapọ̀ fi ọdún 10 ṣe òpin ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà báńkì. Ṣáájú èyí, ní 2002, Fọlá Adéọlá ti fi ipò ọ̀gá àgbà Guaranty Trust Bank sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún Táyọ̀ Adérìnókùn tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀, láìsí òfin tí ó lé e. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, inú àṣà kan náà ni wọ́n sì ti wá.

Àwọn àjèjì náà mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni lóyè láìfúnni láṣẹ. Lẹ́yìn òfin 1972 àti ti 1977 tí ó ní kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó, Thomas Biersteker fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1987 pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà wá ọgbọ́n tí wọ́n fi di ìṣàkóso mú: ìpín lọ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, àdéhùn iṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn ipò tí ó ṣe kókó sì dúró sọ́wọ́ wọn. Àṣà Nàìjíríà kọ́ ni ó kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ibi tí ó dára jù láti dán ọ̀rọ̀ àṣà orílẹ̀-èdè wò fún onímọ̀ Yorùbá ni ààlà Nàìjíríà àti Benin. Òfin ilé-iṣẹ́ tí Nàìjíríà tún ṣe ní 2020 kò gba alága ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà fún gbogbo ènìyàn láàyè láti tún jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ní Kétu àti Porto-Novo, lábẹ́ òfin OHADA tí Benin àti Togo jọ ń tẹ̀ lé, ẹnì kan ṣoṣo lè di ipò méjèèjì mú, bí ó ti wà nínú ìṣe àwọn Faransé láti ìgbà pípẹ́. Èdè kan, oríkì kan, òwe kan nípa iṣẹ́ ẹrú àti tọmọ, ṣùgbọ́n òfin méjì lórí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ̀gá. Òfin Nàìjíríà ti 2020 yìí kan náà sì ni ó gbà fún ìgbà àkọ́kọ́ kí ènìyàn kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, kí ó jẹ́ onípìn-ín kan ṣoṣo, kí ó sì máa darí rẹ̀. Irú ilé-iṣẹ́ tí ó kún Kado nìyẹn.